Báwo ni mo ṣe lè wọn eruku tó ń wọ inú ìbòmú?

Ọmọ Olúmọ: Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó ààbò òṣìṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta l'Ábẹ́òkúta. Pọ́ǹpù kékeré là ń so mọ́ bẹ́líìtì wọn, fíltà rẹ̀ á wà létí kọ́là, ṣùgbọ́n eruku ìta nìyẹn ń kó. Ọ̀gá wa ní níwọ̀n ìgbà tí gbogbo wọn ti ń lo N95, ìbòmú tó ń sẹ́ eruku, kò séwu. Ara mi ò gbà á. Ṣé mo lè wọn èyí tí wọ́n ń fà símú gan-an?

Ẹ̀gbọ́n Lábù: O lè wọ̀n ọ́n. Lu ihò kékeré sí ìbòmú, kí o ti ẹnu rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ láàárín imú àti ẹnu, kí o sì dí etí ihò náà pinpin. Rọ́bà yẹn á lọ sára fíltà, kó tó kan pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ lítà 2 ní ìṣẹ́jú kan. So irú fíltà kan náà mọ́ kọ́là, kí méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀. Tí o bá ti ṣírò ìwọ̀n eruku níta àti nínú, fi ti inú pín ti ìta; iye tó bá jáde ni ìwọ̀n ààbò ìbòmú náà. Àjọ OSHA, tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ l'Amẹ́ríkà, fún irú ìbòmú yìí ní 10: tó bá mú lójú dáadáa, kò yẹ kí ohun tó ń wọlé ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. 95 tó wà lára orúkọ rẹ̀, bí aṣọ asẹ́ ṣe ń sẹ́ eruku sí nìkan ló ń sọ, kò mọ ti eruku tó ń gba ẹ̀gbẹ́ imú tàbí ìdí irùngbọ̀n wọlé.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kíyè sí omi inú èémí o! Ó máa ń mú fíltà wúwo. Fíltà PVC, ìyẹn oríṣi ike kan, kì í fa omi púpọ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ sì wọn ọ̀kan tí ẹ ò lò rárá mọ́ ọn. Kẹ́ ẹ fi gbogbo wákàtí iṣẹ́ gbà á, torí eruku inú ìbòmú kéré jọjọ.

Ọmọ Olúmọ: Ẹ ṣeun, mà. Tí wọ́n bá ṣí ìbòmú láti mu omi ńkọ́? Ṣé kí n pa pọ́ǹpù?

Ẹ̀gbọ́n Lábù: Pa á. Bí ìbòmú ṣe ń ṣiṣẹ́ lójú lo fẹ́ mọ̀.

Bàbá Awakùsà: Mi ò fara mọ́ ìyẹn. Ohun tí ọmọ yìí bèèrè ni èyí tí wọ́n ń fà símú. Jẹ́ kó máa fà, ọmọ mi. Tí ìdá kan nínú mẹ́wàá bá ń wọlé, tí wọ́n wá ṣí i fún wákàtí 1 péré nínú 8, ohun tí wọ́n fà símú lọ́jọ́ yẹn á lé ní ìdá kan nínú márùn-ún eruku ìta. Ààbò ti dín ní ìlàjì nìyẹn! Sílíkà inú akọ òkúta sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kò sí oògùn tó ń wò ó sàn.

Ọmọ Olúmọ: Ẹ ṣé, bàbá. Màá jẹ́ kó máa fà, màá sì máa kọ àkókò tí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ìbòmú tí ẹ bá ti lu, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi ṣiṣẹ́ mọ́ o. Ẹ sì sọ fún ọ̀gá yín kó fa omi dé ẹnu ẹ̀rọ yẹn, kí òkúta máa tutù kó tó fọ́.