Èèpo igi fún àgbo: báwo la ṣe ń bó o tí igi kò fi ní kú?

Àjàní Oko:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tèmi. Ọ̀gànwó etí ọ̀nà ń gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, awọ́pa sì ti di ohun tí à ń fi odindi ọjọ́ wá nínú igbó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ wá sọ ọ́: bí ẹ ṣe ń bó èèpo, bí ẹ ṣe ń sá a, bí ẹ ṣe ń sè é, àti ibi tó ti ń bàjẹ́. Ẹni tó fẹ́ polówó ọjà, kó gba ibòmíràn lọ.

Ọmọ Ọdẹ:
Àwọn tó ń bó igi yípo ló ń pa á. Oúnjẹ tí ewé ń pèsè lókè, inú èèpo ló ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ bá gbòǹgbò. Omi ní tirẹ̀ ń gba inú igi gòkè. Bí ẹ bá bó èèpo yípo, omi á ṣì máa gòkè, ewé á ṣì máa tutù fún oṣù mélòó kan, ẹni tó bó o á sì máa sọ pé ṣebí kò ṣe igi ní nǹkan kan. Ebi ti ń pa gbòǹgbò nísàlẹ̀. Nígbà tí ewé bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Igi tí kò bá tíì nípọn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi mítà kan sókè ilẹ̀, nítorí erùpẹ̀ tí òjò ń ta sí ìdí igi máa ń kó àrùn wọ ojú ọgbẹ́. Ẹ fi ẹnu àdá fa ìlà méjì lóòró, kí àárín wọn má ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, kí ẹ gé òkè àti ìsàlẹ̀, kí ẹ wá ki ọ̀bẹ bọ etí kan, kí ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ti rí igi funfun tó gbẹ, ẹ ti wọlé jù. Ojú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ rin, kó máa yọ̀. Ẹ má nù ún, ẹ má ha á. Ohun tó ń yọ̀ yẹn ni yóò hu èèpo tuntun.

Ìyá Elewéọmọ:
O ṣeun, ọmọ mi. Kí wọ́n fi àsìkò kún un. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ dáadáa, èèpo á ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ó ti lẹ̀ mọ́ igi, àáké ni wọn yóò máa fi ṣá a, wẹ́wẹ́ ni yóò máa já, igi á sì bá a wá. Àmọ́ ẹ má bó o lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́, ojú ọgbẹ́ á jẹrà.

Bàbá Ìṣẹ̀ǹbáyé:
Ẹ ti fo ohun pàtàkì. Apá ìlà-oòrùn àti apá ìwọ̀-oòrùn ni àwọn àgbà ń bó. Wọn kì í fọwọ́ kan àríwá àti gúúsù.

Wèrèpè:
Bàbá, ṣé oòrùn ló ń sọ èèpo di oògùn ni?

Bàbá Ìṣẹ̀ǹbáyé:
Bi àwọn tó kọ́ wa.

Ọmọ Ọdẹ:
Wèrèpè, fara balẹ̀. Tí a bá ń bó apá méjì tó dojú kọra, tí méjì yòókù sì jẹ́ èèwọ̀, igi ò ní gbẹ. Ní Kamẹrúùnù, igi kan wà lórí òkè tí wọ́n ń pè ní Prunus africana, ó wà lórí òkè Mambilla ní Nàìjíríà níbí náà. Èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ sí Yúróòpù fún oògùn àwọn àgbà ọkùnrin tí ìtọ̀ kì í dá geere. Wọ́n bó o débi pé láti 1995 ni òwò rẹ̀ ti wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò igi àti ẹranko tó lè run. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn tó ń bó o ni pé kí wọ́n pín ara igi sí mẹ́rin, kí wọ́n bó ìdá méjì tó dojú kọra, kí wọ́n má sì padà síbẹ̀ títí ọdún mélòó kan. Kí ló fi yàtọ̀ sí ti Bàbá?

Bàbá Ìṣẹ̀ǹbáyé:
Ẹ kà á sí wọn létí dáadáa.

Wèrèpè:
Mo ti dọ̀bálẹ̀.

Adékọ́lá Igbó-Ọrà:
Ṣùgbọ́n Ọmọ Ọdẹ, àtẹ́lẹwọ́ kan lẹ kọ́kọ́ sọ. Ìdá mẹ́rin ara igi ńlá ju àtẹ́lẹwọ́ lọ fíìfíì.

Ọmọ Ọdẹ:
Igi ti Kamẹrúùnù yẹn máa ń hu èèpo padà kíákíá. Kì í ṣe gbogbo igi ló ní irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gànwó, etí ọgbẹ́ ló ti ń padé díẹ̀díẹ̀ wá sí àárín, nítorí náà bí ọgbẹ́ bá ṣe fẹ̀ tó ni yóò ṣe pẹ́ tó, kòkòrò á sì ti wọ igi kó tó dé. Àtẹ́lẹwọ́ kan ni mo wí.

Bàbá Pákó:
Wàhálà yìí ti pọ̀ jù. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Èèpo ọ̀gànwó àti ahùn wà níbẹ̀ jáńtírẹrẹ, ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá Elewéọmọ:
Bàbá Pákó, ẹ má pa wá. Igi tí wọ́n so pọ̀ tí wọ́n fi omi ọ̀sà gbé wá sí Òkòbàbà ní Èkó, ọjọ́ mélòó ló ti lò nínú omi? Oògùn inú èèpo ti ṣàn dà sọ́sà, ìdọ̀tí ọ̀sà àti díísù ló kù síbẹ̀. Tí igi bá wó lóko tàbí tí wọ́n gé e lójú wa, ìyẹn dáa, kí a bó gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà títí kan ẹ̀ka. Èèpo ẹ̀ka kò burú, ó kàn tín-ín-rín ni. Tí ẹnì kan bá sì ń gé ẹ̀ka mángòrò ilé rẹ̀ dànù, kí ló dé tí a ó tún fi ọ̀bẹ kan ìdí rẹ̀?

Tẹ̀mítọ́pẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lèèyàn ṣe ń mọ awọ́pa tòótọ́ ní ọjà Bódè ní Ìbàdàn? Gbogbo èèpo ló jọra lójú mi.

Ìyá Elewéọmọ:
Má rà á tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́. Ra odidi, kí o ṣẹ́ ẹ. Awọ́pa, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ yẹ́lò láti etí dé etí, ó sì korò burúkú. Ọ̀gànwó pupa nínú, òun náà korò. Ahùn, tí ó bá tutù, oje funfun máa ń yọ lójú ibi tí a gé. Èèpo mángòrò kì í korò bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń fún ahọ́n pọ̀. Tí wọ́n bá gbé ohun tó ń fún ahọ́n pọ̀ fún ọ pé ọ̀gànwó ni, gbé e padà fún wọn. Ti ahùn àti orúwo, lọ́dọ̀ elewéọmọ ni kí o ti rà á ní tútù. Lẹ́kulẹ́jà, gbígbẹ ló pọ̀ nínú ọjà tiwọn.

Bàbá Ìṣẹ̀ǹbáyé:
Kí ẹ sì ṣọ́ra fún èrún. Àwọn kan ń pè é ní ọbọ̀. Èèpo tí wọ́n fi ń búra láyé àtijọ́ nìyẹn, ọ̀pọ̀ ẹni tó mu ún ni kò padà wálé. Ó ṣì wà lórí àtẹ títí dòní. Ẹ má dì í mọ́ inú àpò kan náà pẹ̀lú èèpo àgbo, ẹ má fi odó kan náà gún un. Tí wọ́n bá ń gún èèpo kan tí gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sín láìdúró, ẹ jáwọ́, kí ẹ bi ẹni tó tà á.

Oníkẹ́míìsì:
Ohun tí Bàbá sọ yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí a ti ń sọ lọ. Ọkàn ni èrún ń dá dúró. Kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tó yẹ fún àgbo. Ẹ tún yéé gbé èèpo lọ sí ẹ̀rọ ata. Irin ara ọlọ ń họ sínú rẹ̀, ata àti epo àná ń bá a lọ. Odó àti asẹ́ ni.

Adékọ́lá Igbó-Ọrà:
Báwo lẹ ṣe ń sá a kó má bu?

Ìyá Elewéọmọ:
Kọ́kọ́ ha ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí ṣákiṣàki dànù, kò sí oògùn níbẹ̀, ìyẹ̀pẹ̀ àti kòkòrò ló ń gbébẹ̀. Fọ̀ ọ́ kíá, má rẹ ẹ́ sómi. Gé e wẹ́wẹ́ nígbà tó ṣì tutù, tí ó bá gbẹ tán, àáké ni wàá fi gé e. Tẹ́ ẹ sórí ẹní tàbí àwọ̀n lábẹ́ òrùlé níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, má tò ó lérí ara wọn, yí i padà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó gbẹ tí ó bá dún pẹ́kẹ́ nígbà tí o ṣẹ́ ẹ. Tí ó bá ń tẹ̀ láìṣẹ́, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Àpò ìdọ̀họ tàbí bébà ni kí o kó o sí, kí o gbé e kúrò nílẹ̀. Inú ọ̀rá ló ti ń bu, nítorí ó máa ń làágùn. Èyí tó bá ti bu, kí ẹnikẹ́ni má fọ̀ ọ́ kó tún un sá. Dà á nù. Àwọn tó ń sá a sí etí títì, ẹ̀yin àti èéfín ọkọ̀ ni.

Jẹ̀dí Ò Mọlé Mi:
Ìkòkò wo lẹ fi ń sè é? Ti alumíníọ̀mù ló yá jù.

Ìyá Elewéọmọ:
Ìkòkò amọ̀ o. Tàbí ti tánganran tí kò tíì bó, tàbí irin tí kì í dípẹtà. Ohun tó ń fún ahọ́n pọ̀ nínú èèpo mángòrò àti kajú, ó máa ń bá irin jà, omi á dúdú kirikiri. Alumíníọ̀mù náà ń họ sínú rẹ̀. Èèpo gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan sí omi lítà kan, rẹ ẹ́ mọ́jú, kó wá hó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 30. Tí ewé orúwo bá máa wọ inú rẹ̀, ìparí ni kí o kó o sí i, ewé kì í pẹ́ lórí iná bí èèpo. Ọjọ́ kejì, jẹ́ kó hó kí o tó bù ú. Ọjọ́ kẹta, parí rẹ̀ tàbí kí o dà á nù.

Jẹ̀dí Ò Mọlé Mi:
Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀? Ìkòkò àgbo máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì láwọn ilé kan, omi ni wọ́n kàn ń bù kún un.

Oníkẹ́míìsì:
Omi yẹn ló ń tan èèyàn. Lọ́jọ́ kìíní ó ki, lọ́jọ́ kẹwàá omi aláwọ̀ lásán ni, ife kan náà ni wọ́n sì ń bù. Tí ó bá ti ń hó lójú láìsí iná nídìí rẹ̀, tí ó ń kan, ó ti bàjẹ́. Iná kò lè sọ ọ́ di tuntun.

Jẹ̀dí Ò Mọlé Mi:
Ìdí nìyẹn tí ti inú ògógóró fi dáa jù. Kì í bàjẹ́.

Oníkẹ́míìsì:
Ọtí ń fa ohun tí omi kò lè fà jáde nínú èèpo, nítorí náà kì í ṣe ife la fi ń wọ̀n ọ́n. Tọ́ọ̀tì kékeré ni, kì í sì í ṣe lójoojúmọ́. Ẹni tó ń mu pàràgà ní gáréèjì, ọtí ló ń mu, ó kàn fi èèpo bojú ni.

Awakọ̀ Dánfó:
Ẹ fi wá sílẹ̀ jàre.

Ọmọ Ìkálẹ̀:
Ẹ rántí Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Òndó, ní 2015. Àwọn èèyàn ń fọ́jú, wọ́n sì ń kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì, àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Mẹtanọ́ọ̀lù, irú ọtí tó jẹ́ májèlé, ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de ògógóró lọ́dún náà, síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń mu ún.

Bàbá Ìṣẹ̀ǹbáyé:
Ògógóró gidi kò pa ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń fi kẹ́míkà là á ni kí wọ́n mú.

Oníkẹ́míìsì:
Ẹ̀mí yín á gùn, Bàbá, ṣùgbọ́n ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, imú náà kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn tó ń ṣáná sí i láti wo àwọ̀ iná ń tan ara wọn ni.

Wèrèpè:
Kínín tí wọ́n fi ń wo ibà náà, ṣebí èèpo igi ni?

Oníkẹ́míìsì:
Èèpo igi sinkónà ni, láti orí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní 1820 ni àwọn ará Faransé méjì, Pelletier àti Caventou, yọ kínín jáde nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ṣeé ṣe láti sọ iye tí aláìsàn máa lò gan-an. Èèpo igi méjì lórí ilẹ̀ kan náà lè má ní agbára kan náà. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn, kì í ṣe pé èèpo kò ṣiṣẹ́.

Bàbá Ìṣẹ̀ǹbáyé:
A máa ń tọ́ ọ wò kí a tó bù ú fún aláìsàn. Ìkorò rẹ̀ ni ìwọ̀n.

Oníkẹ́míìsì:
Ahọ́n yín nìyẹn, Bàbá. Ẹni tó rà á lórí àtẹ kò ní irú rẹ̀.

Ìyá Elewéọmọ:
Ẹ ò parọ́. Aláboyún kì í gba èèpo lọ́wọ́ mi. Ọmọ ọwọ́, èèpo ìrá nìkan, fún èfu ẹnu, a ó sè é, a ó fi òwú tó mọ́ nù ún síbẹ̀, kò ní gbé e mì. Ọmọ tí gìrì bá ń mú, tàbí àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ pọ́n tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n sì sọ fún dókítà irú àgbo tó ti mu.

Adékọ́lá Igbó-Ọrà:
Ẹ tún sọ ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló ń fi pamọ́ fún dókítà.

Ọmọ Yorùbá Peckham:
Níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, lílọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n kọ awọ́pa sára ọ̀rá, ó parí. Kí la lè ṣe?

Ìyá Elewéọmọ:
Bu ṣíbí kan sínú ife funfun, da omi gbígbóná lé e. Tí omi kò bá di yẹ́lò kó tó tutù, kì í ṣe awọ́pa. Tí ó bá yẹ́lò ṣùgbọ́n tí kò korò, atalẹ̀ pupa ni wọ́n pò mọ́ ọn. Dá a padà, kí o gba owó rẹ.

Ọmọ Yorùbá Peckham:
Ìyá, wọn kì í dá owó padà ní Peckham o.