Ìyàwó rẹ̀ pè mí pé kí n wá san gbèsè oúnjẹ

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́.

Ọmọ ọdún 36 ni mí. Oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni mo dé ìlú kékeré kan létí òkun ní Lincolnshire, ní England, físà iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo bá wọlé. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti ń wakọ̀ láti ilé arúgbó kan sí òmíràn. Ìṣẹ́jú 15 fún ẹni yìí, ìṣẹ́jú 30 fún ẹni yẹn: wẹ̀ ẹ́, fún un lóògùn, kọ ọ́ sórí fóònù, ó yá, máa lọ. Tó bá di oṣù kejìlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò ní tíì lù tí ilẹ̀ á ti ṣú. Ọ̀sẹ̀ méjì lè kọjá kí n má gbọ́ Yorùbá àfi lórí fóònù. Ìyá àgbà kan tí mo ń tọ́jú máa ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè mí, mo sì máa ń jẹ́ ẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé òun nìkan ló pè mí lórúkọ kankan.

Ọkùnrin kan máa ń gbé oúnjẹ wa wá láti Nottingham nínú bọ́ọ̀sì funfun kan: iṣu, èlùbọ́, gàrí Ìjẹ̀bú, pọ̀mọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sọ iṣu kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú òtútù." Omi lé ròrò sí mi lójú. Ẹ kú òtútù! Ta ló kí mi bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn?

Ó di pé ó ń jókòó. Ó di pé ó ń sùn. Ó ní òun àti ìyàwó òun ti tú ká kí òun tó kúrò nílé. Kò gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ mi mọ́, ó ní ta ló ń tajà fún ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí mo kó àjọ ní oṣù kẹta ọdún yìí, £2,800, ó ní físà òun fẹ́ parí, òun fẹ́ san owó lọ́yà. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i.

Sátidé tó kọjá, obìnrin kan pè mí, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. "Àǹtí, ẹ má bínú o. Èmi ni ìyàwó ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá fún yín. Ó ní ẹ ò tíì rówó san láti oṣù mẹ́fà, pé kí n ṣe sùúrù fún yín. Ó ti di £640. Irú iṣẹ́ yín lèmi náà ń ṣe, òun ni mo fi kó ọkọ mi àti àwọn ọmọ wá, mo mọ bí owó ṣe máa ń há. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa san án."

Èmi ni mo jẹ gbèsè! Mo ní "ẹ ó gbọ́ láti ọ̀dọ̀ mi, mà," mo pa fóònù. Ọkùnrin náà kò gbé ìpè mi mọ́.

Ṣé kí n sọ fún obìnrin yìí? Ṣé mo lè rí owó mi gbà? Èyí tó ń tì mí lójú jù: lánàá, mo gbọ́ ìró ọkọ̀ níta, mo sì sáré dé ojú fèrèsé.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Àwọn kan á bú ọ níbí, má dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá ti wọ iṣẹ́ yín ṣáájú ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2024 lè kó ọkọ àti ọmọ wá. Ẹni tó wọ̀ ọ́ láti ọjọ́ náà kò lè kó wọn wá mọ́. Ìyàwó yẹn ti wọlé ṣáájú nìyẹn, abẹ́ físà ìyàwó sì ni ọkọ wà. Owó lọ́yà wo ló wá ń bèèrè? Bí ìgbéyàwó yẹn bá tú, ọjọ́ físà ọkọ ni ìjọba lè gé kúrú, kì í ṣe ti ìyàwó. Ìdí tó fi ń sá nìyẹn.

Ọmọ Ọ̀yọ́: Ọkùnrin ń sùn lọ́dọ̀ rẹ, o ò dé ilé rẹ̀ rí, o sì kó £2,800 fún un? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ọmọ Ọ̀yọ́, ṣé o ti sùn jí rí fún oṣù kan láìsí ẹni tó kí ọ pé ẹ káàárọ̀? Fẹnu mọ́ ibẹ̀.

Bọ̀dá Akọ̀wé: Má pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́ lórí WhatsApp o. Kọ lẹ́tà sí i, fún un ní ọjọ́ 14. Bí kò bá dáhùn, ilé ẹjọ́ gbèsè kékeré wà ní England, wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ owó títí dé £10,000, orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti máa pè é, kò di dandan kí o gba lọ́yà. Ohun tó máa le níbẹ̀ ni pé á sọ pé o fún òun ni, pé o kò yá òun. Ṣé ó kọ ọ́ níbì kankan pé òun á dá a padà? Lọ rí àwọn Citizens Advice, àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹjọ́ owó yìí kò sì kan físà rẹ.

Alábòójútó: Mo ti yọ èsì méjì kúrò. Ẹ má bèèrè nọ́ńbà bọ́ọ̀sì, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Àdùkẹ́, Aberdeen: Bó bá jẹ́ láti gbẹ̀san ni, má sọ fún un. Ṣùgbọ́n £640 yẹn ńkọ́? Bí o bá dákẹ́, o ti gbà pé o jẹ ẹ́ nìyẹn. Ní ti fèrèsé, èmi náà ṣe é, oṣù mẹ́jọ gbáko, nítorí ẹnìkan tí n kò ní sọ. Ohun tó bá mi mú un fúyẹ́ ni pé tí mo bá ń dáná lálẹ́, mo máa ń pe màmá mi, màá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. A kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo kàn ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá àwọn ará ilé jà lórí omi.

Ẹni tó bèèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo pe ìyàwó rẹ̀ lálẹ́ àná. Mo ní n kò jẹ gbèsè, mo ṣàlàyé ìdí tí n kò fi sanwó, mo sì fi ìwé báńkì £2,800 náà ránṣẹ́ sí i. Ó dákẹ́, ó pẹ́ tó fi jẹ́ pé mo rò pé ìpè ti já. Ó wá ní, "Èmi ni mo ń gé pọ̀mọ́ yẹn. Ó ní oníbàárà Lincolnshire fẹ́ kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́."

Ó sunkún, mo sunkún, a jọ bú u dáadáa. Bọ̀dá Akọ̀wé, ó kọ ọ́ o: "màá dá a padà kí oṣù kẹfà tó parí." Lẹ́tà náà á lọ lọ́jọ́ Ajé.

Ìṣẹ́jú 50 la lò lórí fóònù. N kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ Yorùbá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún tó kọjá.