Àgbàdo: báwo ni kí ihò ṣe jìnnà síra tó?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ gbin àgbàdo sí éékà kan n'Ísẹ́yìn. Bàbá mi ní kí n máa fi ìgbésẹ̀ kan sáàárín ihò, kí n sọ hóró mẹ́ta-mẹ́ta sí i, ọ̀rẹ́ mi ní kí n há wọn mọ́ra kí n lè kórè púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n tẹ̀ lé?

Ìdáhùn 1: Bọ̀dá, 75 sẹ̀ǹtímítà láàárín ìlà sí ìlà, 25 láàárín ihò sí ihò, igi kan ní ihò kan. Tó bá jẹ́ igi méjì lẹ fẹ́, ẹ jẹ́ kí ihò jìnnà tó 50. Bákan náà niye igi máa jẹ́, bíi 21,500 ní éékà kan.

Ìdáhùn 2: Ẹ má há a mọ́ra o! Igi á tín-ín-rín, á máa nà sókè wá oòrùn, atẹ́gùn díẹ̀ báyìí ó ti wó, irun rẹ̀ náà á pẹ́ kó tó yọ, nígbà tó bá fi máa yọ, ìyẹ̀fun orí ìrùkẹ̀rẹ̀ tó yẹ kó bọ́ sórí irun yẹn kí hóró tó lè yọ ti ń tán, tẹ́ ẹ bá wá bó o ẹ ó rí i pé hóró ò kún ara ṣúkù.

Ìdáhùn 3: Ti bàbá náà, koríko ló máa gba àyè tó ṣófo yẹn, ẹ ó roko títí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀gẹ́ sáàárín rẹ̀, ó dáa gan-an. Ẹ ṣáà ta okùn kí ìlà gún, lọ́jọ́ ìkórè ẹni tó ń ya àgbàdo á rọ́nà gbà, kò ní fo igi kankan.