Ọ̀gá mi tó ń ṣèwádìí omi ọ̀sà ti dolóògbé, kí la lè fi rántí wọn?

Ọmọ Májídùn (Ìkòròdú):
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ti fi wá sílẹ̀. Omi ọ̀sà ni wọ́n ń ṣèwádìí ẹ̀, bí iyọ̀ inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó, bó ṣe gbóná tó, irú ẹja tó ń wọlé nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ iléèwé tó wá ṣe pròjẹ́ẹ̀tì lásán ni mo jẹ́ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, àmọ́ nígbà tó yá ó di pé tí nǹkan bá ṣe mí, àwọn ni mo máa kọ́kọ́ pè kí n tó pe ẹ̀gbọ́n mi tá a jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Níbi ìgbéyàwó mi, àárín àwọn bàbá mi ni wọ́n jókòó sí.

Wọ́n ní àwo kan báyìí tí wọ́n kùn ní dúdú àti funfun, wọ́n so ó mọ́ okùn tí wọ́n ti sàmì sí lára. A ó wọkọ̀ láti Ìjẹ̀dẹ̀, tá a bá débi iṣẹ́ wọ́n á máa sọ àwo yẹn sómi díẹ̀díẹ̀ ká lè mọ bí omi ṣe mọ́ tó, wọ́n á ní "ṣé o ṣì ń rí i?" Tí mo bá ní mò ń rí i, wọ́n á tún dẹ okùn. Ibi tó bá ti pòórá, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á tún fà á sókè títí tá a fi máa rí i padà, wọ́n á kọ ìyẹn náà. Wọn kì í kọ nǹkan kan tí ojú tiwọn àti tèmi ò bá tíì bára mu. Pròfẹ́sọ̀ ńlá o, wọ́n ń bi ọmọ kékeré pé kí lo rí, wọ́n sì ń dúró gbọ́ èsì.

Jótà tí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sí, tí wọ́n fi lẹ́tà ìkékúrú dúró fún orúkọ ibi, ṣì wà nínú àpótí nílé wọn. Àwa ọmọ iṣẹ́ wọn ń dáwó, àwọn kan ní ká fi ra ankara ká ṣe bánà ńlá fún àdúrà ọdún kan, àwọn kan ní ká fi ṣe ẹ̀bùn fún akẹ́kọ̀ọ́. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ẹlẹ́ja (Ẹ̀pẹ́):
Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, ọmọ mi, ẹ̀yìn wọn á dáa. Ní tèmi o, ẹ má jẹ́ kí jótà yẹn sọnù. Ọjà Olúwo ni mo ti ń tajà, ojoojúmọ́ là ń sọ pé ọ̀bọ̀kún ò wọ́pọ̀ bíi tàtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá ní ká wá fi hàn, ẹnu lásán la ní. Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ló ní ẹ̀rí. Ankara á ṣá.

Tísà Àgbádárìgì:
Mọ̀mí ti sọ ọ́. Ẹ wo water hyacinth tó ń dí ojú omi mọ́ ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́, 1984 ló wọ Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ wa níbí ló gbà, lójú omi tó ti Àjàṣẹ́ wá. Ewéko yẹn ò lè bá iyọ̀ gbé. Tí òjò bá ti fọ iyọ̀ ọ̀sà dànù á gbilẹ̀, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi òkun gba ẹnu odò Èkó wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nítorí náà ẹni tó bá ń wọn iyọ̀ láti ọdún dé ọdún, ó ń kọ ìtàn ewéko yẹn àti ti ẹja pọ̀ ni.

Ẹ fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ẹ kọ́kọ́ ya ẹ̀yìn jótà kí ọjọ́ má bàa dàrú. Ohun tó ká mi lára jù ni àwọn lẹ́tà ìkékúrú tí wọ́n fi ń dúró fún orúkọ ibi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wọn wọkọ̀ nìkan lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí tí ẹ ṣì rántí.

Káyọ̀dé Ìpakódò:
Mo fara mọ́ ti jótà, àmọ́ ẹ má pa ẹ̀bùn akẹ́kọ̀ọ́ tì, kí orúkọ ọ̀gá yín má bàa pa rẹ́. Pròfẹ́sọ̀ Ayọ̀délé Awójọbí, ọmọ Ìkòròdú ni bàbá wọn. Pròfẹ́sọ̀ yìí fúnra wọn ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba DSc, oyè dókítà ńlá nínú sáyẹ́ǹsì, nínú mechanical engineering ní Imperial College, London, 1974 nìyẹn. Wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé sítíárì mọ́tò wọn láti ọ̀tún sí òsì, wọ́n tún ṣe jíìpù Autonov 1 tó lè fi gbogbo jíà ẹ̀ sáré síwájú àti sẹ́yìn. Ọmọ ọdún 47 péré ni wọ́n nígbà tí wọ́n kú ní 1984. Ẹ lọ bi àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní gárèjì Ìkòròdú bóyá wọ́n gbọ́ orúkọ yẹn rí, ó ń dùn mí gan-an.

Ọmọ Májídùn (Ìkòròdú):
Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà mi. Mo ti pe ìyàwó wọn, mọ̀mí gbà, wọ́n ní kí jótà ṣáà má kúrò nínú ilé, nítorí náà pálọ̀ wọn la ti máa yà á. Tísà, mo ti bẹ̀rẹ̀ àwọn ìkékúrú yẹn: BY ni Báyékù, EG ni Ẹ̀gbin, níbi tí iléeṣẹ́ iná ti ń fa omi ọ̀sà láti fi tu ẹ̀rọ lára. Ó ku OK tí mi ò tíì dá mọ̀, mo máa bi awakọ̀ tó máa ń gbé wa. Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, owó tó bá kù la máa fi ṣe ẹ̀bùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí inbọ́ọ̀sì mi.