Ṣé iṣẹ́ ilé tí mò ń tún ṣe tó eré ìdárayá?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Ọmọ ọdún 52 ni mí, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti fẹ́ máa yọjú. Dókítà ní kí n máa ṣe eré ìdárayá, ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe là á sílẹ̀. Mi ò fẹ́ràn kí n máa sáré káàkiri àdúgbò. Àmọ́ ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ n'Ìbàdàn ń bàjẹ́ lọ, ni mo bá kúkú gbé ṣọ́bìrì.

Láti oṣù méjì, mò ń ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ògiri, mò ń po yanrìn mọ́ sìmẹ́ǹtì, mo sì ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì rù ú lọ sẹ́yìn ilé. Òógùn á ti rin síńgílẹ́ẹ̀tì mi gbingbin. Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n èémí mi ò tó láti kọrin. Bẹ́líìtì mi ti wọ ihò kejì báyìí, inú mi sì dùn gan-an.

Ẹ̀rù ló kàn ń bà mí. Lọ́jọ́ kan, mo dá àpò sìmẹ́ǹtì kílò 50 gbé, ẹ̀yìn mi dún kẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin bíríkìlà, báwo lẹ ṣe ń gbé ẹrù tí ẹ̀yìn ò fi ń bàjẹ́? Ọjọ́ tí mo bá kàn kun ọ̀dà, tí ara ò gbóná, ṣé kí n kà á mọ́ 150 ìṣẹ́jú náà? Eruku ọ̀dà àtijọ́ yẹn ńkọ́, tí òjé, irin tó ní májèlé, lè wà nínú rẹ̀, kí ni kí n fi bo imú?