Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti ń jẹ, tẹ́ ẹ ti ń mu l'Ékòó, kẹ́ ẹ má sì gbàgbé wákàtí rẹ̀

Ọmọ Yábàá

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ohun kan ń dùn mí nípa bá a ṣe ń júwe ibi ìjẹun fún ara wa nílùú yìí. Orúkọ àti àdúgbò nìkan la máa ń dá. Ẹni tá a júwe fún á wọ mọ́tò, sún kẹrẹ fà kẹrẹ á dá a dúró lójú ọ̀nà, á débẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọn á bu ìsàlẹ̀ ìkòkò fún un, á wá máa sọ kiri pé irọ́ la pa. Irọ́ kọ́. Oúnjẹ Èkó ní wákàtí, ọtí pàápàá ní wákàtí. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ tiẹ̀ níbí, kó jọ̀ọ́ fi àsìkò kún un.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí àmàlà. White House wà ní Yábàá, Amala Shitta wà ní Súrùlérè, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó fẹ́ràn àmàlà l'Ékòó tí kò tíì gbọ́ nípa wọn. Mo fẹ́ràn méjèèjì, ṣùgbọ́n búkà tó wù kó jẹ́, láàárín aago mọ́kànlá àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán ni mo máa ń fẹ́ wà níbẹ̀. Àmàlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná máa ń rọ̀, ó máa ń dán, òkèlè rẹ̀ á sì já geere. Tó bá ti pẹ́ nínú kúlà, omi á máa sun lára rẹ̀, ojú rẹ̀ á yi, á wá máa lẹ̀ mọ́ ìka. Gbẹ̀gìrì ní tiẹ̀, ẹ̀wà ni, ooru ọ̀sán Èkó sì máa ń jẹ́ kó tètè kan. Ewédú tí wọ́n bá gbé padà sórí iná kì í yọ̀ bó ṣe yẹ mọ́, àwọ̀ rẹ̀ á ṣú. Ẹran ńkọ́? Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kó ṣàkì, abọ́dì àti ògúnfe lọ kó tó di aago méjì. Mo fẹ́ràn pọ̀nmọ́ o, àmọ́ mo fẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo yàn án.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni ẹni tó ń rokà. Ní búkà kan tí mo máa ń lọ, obìnrin kan wà níbẹ̀ tí mo lè dúró wò títí. Omi á ti máa hó yaya, á da èlùbọ́ lé e lórí, kò ní tọ́wọ́ bọ̀ ọ́ títí omi á fi máa gba àárín rẹ̀ yọ. Ìgbà yẹn ló máa ki ọmọrogùn bọ̀ ọ́, á máa fún un mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kí kókó má bàa ṣẹ́ kù, á tún wọ́n omi gbígbóná sí i, á wá dé e kó lè jinná dénú. Kò yára, kò sì sọ̀rọ̀. Bí mo bá rí i pé wọ́n ti ń ro òmíràn nígbà tí ti ilẹ̀ kò tíì tán, mo mọ̀ pé ọjà ń yá níbẹ̀, màá jókòó. Mo tún máa ń bi wọ́n pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde?" Wọn kì í bínú sí i.

Ti òwúrọ̀ ò gùn: ẹ̀wà agánníyìn pẹ̀lú búrẹ́dì Agége tó ṣì gbóná, kí aago mẹ́jọ tó lù. Obìnrin tó ń kiri rẹ̀ ládùúgbò wa, bí ẹ bá pàdánù rẹ̀ láàárọ̀, ó dọ̀la. Àwọn kan máa ń fojú kéré búrẹ́dì lásán. Amos Shackleford, ọmọ Jamaica tó wá síbí ní 1913 láti ṣiṣẹ́ rélùwéè, ló sọ búrẹ́dì di ọjà ńlá l'Ékòó láti 1921. Ohun tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún láàárín wa, ẹ jẹ́ ká máa bá a nígbà tó dùn jù.

Òṣìṣẹ́ Marina

Ọ̀rọ̀ wákàtí yìí, ẹ ti bá mi sọ ọ́. Àwa tá à ń ṣiṣẹ́ ní Marina àti Broad Street, Ghana High ní Oníkàn ni ilé ìdáná wa. Ọ́fíìsì ìjọba Ghana tó wà ládùúgbò yẹn ló fún un lórúkọ. Ìrẹsì, ẹ̀wà, dòdò, ọbẹ̀ ata tó ta dáadáa. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ débẹ̀ kí aago méjìlá tó lù. Tó bá ti lù, gbogbo báńkì àti ọ́fíìsì ló máa tú síta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀ẹ́ tò títí àkókò ìsinmi yín á fi tán.

Ti ìrọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ sọ gan-an. Nígbà tí ọ́fíìsì bá ṣíwọ́, gbogbo afárá tó lọ sí ìhà Mainland ló máa ń dí. Dípò kí n jókòó sínú dáńfó lórí Carter Bridge, Freedom Park ni mo máa ń yà sí. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street tí òyìnbó kọ́ ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti Awólọ́wọ̀ pàápàá mọ́bẹ̀ rí. Ní 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́. Ọ̀gá mi kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́kọ́ mú mi lọ. Ó fi ibi tí àwọn yàrá ẹlẹ́wọ̀n wà hàn mí, ó ní orí ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn ni wọ́n kọ́ pèpéle eré sí. A jẹ pẹpẹsúùpù ẹran ewúrẹ́, ó mu bíà kan, èmi mu mọ́ọ̀tì, a sì ń gbọ́ àwọn ọmọ tó ń fi ìlù dánra wò. Láti ìgbà náà, ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí kí ọ̀nà tó là. Aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ ló dára jù, oòrùn á ti wọ̀, àga á sì ṣì wà. Ẹ má lọ lọ́sàn-án, ooru ibẹ̀ kò ṣeé fara dà.

Ìyá Ọlọ́tí, Múṣin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ta ọtí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Gbogbo ènìyàn ló ń béèrè bíà tó dáa jù. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n kó o sí firíìjì ná. Bíà tí wọ́n tò síbẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí iná wá lọ ní aago mẹ́fà, kò lè tutù dénú. Ẹ̀yìn ìgò á tutù, àárín á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tèmi, alẹ́ àná ni mo ti máa ń to tòní sí i. Bí wọ́n bá mú iná, màá tan jẹnẹrétọ̀, bí epo bá wọ́n, màá ra yìnyín, màá fi àpò bò ó mọ́lẹ̀ nínú kúlà. Mi ò kì í jẹ́ kó dì. Bíà tó bá dì tó tún yọ́, kì í hó bó ṣe yẹ mọ́, adùn rẹ̀ ti lọ, ìgò míì sì lè bẹ́ sí ènìyàn lọ́wọ́.

Star ni bíà tí Nigerian Breweries kọ́kọ́ ṣe, níbí l'Ékòó ló sì ti jáde ní 1949. Gulder tẹ̀ lé e ní 1970. Àwọn bàbá tó ń wá sọ́dọ̀ mi, Gulder ni tiwọn, àwọn ọ̀dọ́ ń béèrè Trophy, èyí tó wá láti Iléṣà. Guinness ní ìlànà tiẹ̀. Ìkẹjà ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó sì le ju bíà lọ dáadáa, torí ọtí inú rẹ̀ tó ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan fẹ́ ẹ ní gbígbóná, ìyẹn èyí tí kò wọ firíìjì rárá. Mo máa ń ya kréètì kan sọ́tọ̀ fún wọn. Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti bi yín pé, "Gbígbóná àbí tútù?" kí ẹ tó jókòó tán, ẹ dúró síbẹ̀, ọlọ́tí gidi ni.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ìgò lójú yín. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó mu. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ mi, mọ́ọ̀tì ni màá gbé síwájú rẹ̀, kó bínú tó bá fẹ́, ìyá ni mo jẹ́ fún un. Aago méje alẹ́ ni kẹ́ ẹ wá, nígbà tí ata ẹja bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó.

Ọmọ Báà, Ìkẹjà

Ẹ ṣé gan-an, màmá. Èmi ti ṣiṣẹ́ nídìí báà òtẹ́ẹ̀lì kan rí, Chapman ni mo fẹ́ gbèjà, torí wọ́n ń bà á jẹ́ nílùú yìí.

Fanta àti Sprite ní ìwọ̀n kan náà, grenadine (omi ṣúgà pupa) díẹ̀ kó lè pọ́n, ẹ̀kán Angostura (bítà inú ìgò kékeré) bí mélòó kan, kùkúḿbà àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, yìnyín tó kún kọ́ọ̀bù. Ìtàn tí àwa tá à ń ṣiṣẹ́ nídìí báà máa ń sọ fún ara wa ni pé Ikoyi Club ló ti bẹ̀rẹ̀, pé wọ́n pò ó fún oníbàárà kan tó ń jẹ́ Chapman. Angostura yẹn ló ń fún un ní ìkorò díẹ̀ tó ń gé adùn ṣúgà. Ẹ̀yin Mùsùlùmí àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í mu ọtí, ẹ gbọ́ o: ọtí wà nínú Angostura, ó sì le gan-an, ó lé ní ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yọ ọ́, ẹ ní kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i púpọ̀ dípò rẹ̀.

Ibì kan wà ní Victoria Island tí mi ò ní dárúkọ. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, mo mú àfẹ́sọ́nà mi lọ. Wọ́n gbé omi pupa kan wá, ṣúgà pọ́ńbélé, kò hó, kùkúḿbà inú rẹ̀ ti rọ. Mo yọjú wo ẹ̀yìn káńtà, mo rí garawa ńlá kan tí wọ́n ti po gbogbo rẹ̀ sí láti ọ̀sán. Nígbà tí ìwé owó dé, VAT ìdá 7.5 wà níbẹ̀, owó ìtọ́jú wà níbẹ̀, inú mi bàjẹ́ gan-an. Ọ̀rẹ́ mi kan lọ síbẹ̀ kan náà ní aago márùn-ún ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní lójú òun ni wọ́n ti po tòun, ó sì dùn. Tó bá jẹ́ Chapman, ẹ wá kí èrò tó dé.

Ọmọ Ìkòròdú

Ẹmu nìyẹn náà o! Láti ìgbà tó bá ti ń kán sínú kèrègbè lórí ọ̀pẹ ló ti ń hó. Tòwúrọ̀ dùn, ọmọdé ilé wa máa ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Tó bá di ọ̀sán, ó ti ń ta lẹ́nu. Tó bá di alẹ́, ó ti kan, ó ti le, ti àwọn àgbà ni. Lọ́wọ́ akọpẹ ni mo ti máa ń gbà á ní ìhà Ẹ̀pẹ́, kí oòrùn tó mú. Mi ò kì í dé ìdérí kẹ́ẹ̀gì pa nínú ọkọ̀, torí atẹ́gùn inú rẹ̀ lè fọ́ ọ.

Ní ìgboro Èkó, ẹmu tó bá ṣì dùn mìnrìnmìnrìn ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n dà sí i. Sákárìn àti omi ló sábà máa ń jẹ́. Ẹmu gidi kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Àbúrò Súrùlérè

Súyà Glover Court ní Ìkòyí, lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ má gba èyí tó ti wà nílẹ̀. Ẹ sọ fún mállàm pé kó dá a padà sórí iná lójú yín, kó wá bu yájì sí i lẹ́yìn tó bá gé e tán, kó fi àlùbọ́sà sí i dáadáa. Ó parí.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ní ìbéèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún ló máa sọ̀ kalẹ̀ l'Ọ́jọ́ta. Wákàtí àmàlà ti kọjá. Níbo ni kí n mú un lọ?

Ọmọ Yábàá

Àmàlà kọ́ lẹ máa fi ṣe ará Ìbàdàn lálejò, àbúrò. Ọ̀nà Ìkẹjà ni kẹ́ ẹ gbà, ẹ má sọdá afárá kankan ní wákàtí yẹn. Ẹ jẹ́ kó wẹ̀, kó sinmi díẹ̀, kẹ́ ẹ wá lọ sí New Afrika Shrine ní Agídìńgbì, èyí tí àwọn ọmọ Fẹlá ṣí ní 2000. Bí Fẹ́mi bá wà nílùú, ó máa ń ṣe ìdánrawò níbẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ tètè dé kẹ́ ẹ lè rí ìjókòó tó kọjú sí pèpéle, ẹ bèèrè pẹpẹsúùpù ẹja kí èrò tó kún, kẹ́ ẹ sì mú owó wẹ́wẹ́ dání.

Ìyá Ọlọ́tí, Múṣin

Kẹ́ ẹ bi í bóyá gbígbóná ló ń mu àbí tútù kẹ́ ẹ tó pàṣẹ fún un. Ẹ bá mi kí i o.