Ilé inú fọ́tò: kí ni ká pe iṣẹ́ náà?

Ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta ni wọ́n ti dábàá báyìí fún iṣẹ́ àwọn tó ń gbé ilé tí kọ̀ǹpútà yà, ilé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́, sínú fọ́tò ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí: àlẹ̀mọ́, àdàpọ̀ àti ìfibọ̀. Ìfibọ̀ ni mo fara mọ́, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ẹni tó dábàá àlẹ̀mọ́ rí ohun kan: lójú ẹni tó ń wò, ó jọ pé wọ́n gé bébà kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá lẹ̀ mọ́ nǹkan, òkè nǹkan náà ló ń wà. Ilé yìí kì í wà lókè fọ́tò. Igi tó dúró níwájú ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dí apá kan rẹ̀, òpó iná gbọ́dọ̀ dí i, ojú ọ̀run sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Oníṣẹ́ ní láti yọ igi yẹn kúrò lára fọ́tò, ẹ̀ka àti ewé, kó tó dá a padà síwájú ilé. Àárín ni ilé ń wọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí "àwòrán ẹ̀yìn" tí a ń pe fọ́tò náà máa kọ mí lóminú, torí ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀, iwájú ló wà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní fọ́tò ilẹ̀.

Àdàpọ̀ ńkọ́? Iyọ̀ tí a dà pọ̀ mọ́ omi, ta ni yóò ṣà á jáde? Nínú iṣẹ́ yìí, ìpele kọ̀ọ̀kan dá dúró: a lè pààrọ̀ ojú ọ̀run, ká má fọwọ́ kan igi, ká sì yí àwọ̀ ògiri padà. Ìṣirò tí Thomas Porter àti Tom Duff, àwọn onímọ̀ àwòrán kọ̀ǹpútà, kọ sílẹ̀ ní 1984 ń béèrè, lójú àmì kọ̀ọ̀kan (ẹyọ tíntìntín tí àwòrán kọ̀ǹpútà fi para pọ̀), pé báwo ni ohun tó wà níwájú ṣe bo ohun tó wà lẹ́yìn tó. Bó bá bò ó dé 0.7, ẹ̀yìn ló ni 0.3 tó kù. Ìtòléra ni mo máa pe ọgbọ́n yìí, torí ó kan sinimá àti gbogbo àwòrán onípele, kì í ṣe ti ilé nìkan.

Ní ti ìfibọ̀, àwọn onígírámà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Gbólóhùn àfibọ̀ wọnú òmíràn, ó sì ń tẹ̀lé òfin ibi tó wọ̀. Ohun tí ilé ní láti ṣe nínú fọ́tò gan-an nìyẹn. Òfin kámẹ́rà ló ṣáájú: gíga ibi tó wà, ibi tó kọjú sí, àti lẹ́ǹsì rẹ̀. Lórí sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) tó fẹ̀ ní mílímítà 36, lẹ́ǹsì mílímítà 24 ń rí nǹkan bíi digírì 74 ní ìbú, ti mílímítà 50 ń rí bíi 40. Bí a bá fi èkejì ya ilé sínú fọ́tò tí a fi èkíní yà, ìlà òrùlé àti ìlà títì kò ní forí lé ibì kan náà mọ́, ojú á sì ti mọ̀ kí ẹnu tó lè ṣàlàyé.

Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀. Oòrùn fẹ̀ tó ìdajì digírì lójú wa, nítorí náà òjìji kì í ní etí mímú: bí ohun tó ń ṣíji bá jìnnà tó mítà 10 síbi tí òjìji bọ́ sí, etí òjìji náà á fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, òjìji inú fọ́tò máa ń gba díẹ̀ nínú àwọ̀ rẹ̀. Òjìji dúdú kirikiri ló máa ń tú àṣírí. Ní 1998, Paul Debevec, onímọ̀ àwòrán kọ̀ǹpútà, fi hàn pé a lè ya bọ́ọ̀lù onídígí níbi tí a ti ya fọ́tò, léraléra, látorí èyí tó ṣókùnkùn dé èyí tó mọ́lẹ̀ gan-an, kí a sì fi ìmọ́lẹ̀ tó hàn lára bọ́ọ̀lù náà tan ohun tí kọ̀ǹpútà yà. Kò sí èyí tí "lẹ̀ mọ́" sọ nínú gbogbo rẹ̀.

Ìfibọ̀ tún ṣeé lò bí ọ̀rọ̀-ìṣe láìfi agídí ṣe é: "Wọ́n ti fi ilé náà bọ inú fọ́tò." Ẹ gbìyànjú "wọ́n ti da ilé náà pọ̀ mọ́ fọ́tò", ẹ ó rí i bí ó ṣe ń dún.

Ó ku ọ̀rọ̀ kéékèèké méjì. Ilẹ̀ tí kọ̀ǹpútà yà, tí kò hàn, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gba òjìji ilé sára lọ, mo dábàá agbòjìji fún un, bí a ṣe ń sọ agboòrùn. Iye tí ohun iwájú fi bo ohun ẹ̀yìn, tí Porter àti Duff ń ṣírò, mo ní ká pè é ní ìwọ̀n ìbòmọ́lẹ̀. Ó gùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá gé e kù sí "ìwọ̀n ìbò", ìdìbò ni gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ rò.